Ojú Ìwé Ogójì

Ẹ ti ń fura sí i, ẹ má wulẹ̀ díbọ́n: ọkùnrin tó bá wọ agbádá funfun báláú lọ síbi tí wọ́n ti ń da tàdáwà, òun gan-an ni ìjà ọjọ́ náà máa tọwọ́ rẹ̀ wá. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ayé máa wo òun kì í pẹ́ bínú bí ayé bá ń wo ibòmíràn.

"Olóyè, òkúta yín tún ti pọ́n," ni obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà wí.

Olóyè Láyíwọlá Ògúnmọ́dẹdé wo ilẹ̀. Òótọ́ ni. Òkúta keje tó dúró lé, tó yẹ kó tutù kí àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé, ti ń pọ́n yí bàtà rẹ̀ ká bí ẹyin iná. Gbogbo ìlà ló rí i. Èyí tó burú nípa òkúta Gbọ̀ngàn Orí-Omi nìyẹn: ènìyàn lè fi ẹ̀rín bo ìbínú tó wà lójú rẹ̀, kò sí ohun tó lè fi bo ti abẹ́ ẹsẹ̀.

"Ooru ni," ni ó fèsì.

"Ooru. Nínú ilé tí a ti ń wọ ṣúẹ́tà."

"Alájà, ẹ jẹ́ n gbádùn o."

"Ẹ̀yin ni ẹ ò jẹ́ kí òkúta gbádùn."

Alájà Ṣìkírátù lorúkọ obìnrin náà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó jókòó lórí àpótí kékeré kan tó gbé ti ilé wá, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ òkúta kẹjọ mọ́lẹ̀ gírígírí, nítorí ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lórí òkúta rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ipò rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àgbàdo sísun ló ń jẹ. Ìwé tí wọ́n fi wé àgbàdo náà ní àwòrán lára: Tanímọ̀la, akọni obìnrin inú ìwé aláwòrán tí gbogbo ilé fi tọ́ ọmọ, ń fò kọjá lórí àpáta Olúmọ nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pé pérépéré, irun orí rẹ̀ ṣeé kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Alájà fi nu ẹnu, ó rún un, ó jù ú sínú garawa. Àwòrán ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ ń tu irú rẹ̀ jáde bí èsúnsún lẹ́yìn òjò, sára ògiri, sára ọ̀rá omi, sára ìwé ìnùdí, kò sì sí ẹni tó ń wò ó mọ́.

Ohun tí ènìyàn ń wò, tí igba ènìyàn tìtorí rẹ̀ tò láti àfẹ̀mọ́júmọ́, wà lórí tábìlì kan ṣoṣo níwájú: ọwọ́ obìnrin arúgbó kan, pẹ́ẹ̀nì kan, àti pépà.

"Kí ni ọkùnrin yìí ń bá Màmá sọ láti àárọ̀?" Láyíwọlá na ọrùn wo ẹni òkúta kẹfà, onírùngbọ̀n kan tó ti wà nídìí tábìlì. "Ẹ̀ ń gbọ́ ọ? Ó ní kí wọ́n ya Tanímọ̀la sórí ẹṣin. Ẹṣin! Láti ìwé kìn-ín-ní dé igba, ọjọ́ wo ni Tanímọ̀la gun ẹṣin? Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn! Wọn ò ka nǹkan kan, wọ́n á kàn máa tò!"

"Ẹ jẹ́ kó gun ẹṣin rẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n máa kọ sí i."

"Ohun tó ń dùn mí náà nìyẹn! 'Fún Lágbájá', lábẹ́ ẹṣin, títí ayérayé."

"Òfin ni. Bí wọn ò bá kọ orúkọ, àwọn kan á gbà á lónìí, wọ́n á gbé e lọ bọ́ ẹ̀rọ lọ́la. Ṣebí irú wọn ló bayé jẹ́."

Láyíwọlá gbé àgbọ̀n sókè. Òun kì í ṣe irú wọn. Òun ni Àgbà Akójọ Ilẹ̀ Ẹ̀gbá, oyè tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ronú rẹ̀, òun ló dábàá rẹ̀ nípàdé ẹlẹ́ni mẹ́ta, òun ló sì kọ́kọ́ nawọ́ pé òun fara mọ́ ọn. Ìwé tó wà lábíyá rẹ̀, tó fi àrán pupa wé bí ọmọ tuntun, kò ní ẹlẹgbẹ́. Ogójì ọwọ́ ló ya Tanímọ̀la kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ènìyàn. Mọ́kàndínlógójì nínú wọn ti yà á sínú ìwé yìí, lójú Láyíwọlá, lójú ẹsẹ̀, nígbà tó ń mí sí wọn lọ́rùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wà nínú ilẹ̀ báyìí. Ilé Àkójọ sì ti ṣèlérí ògiri kan fún un, pẹ̀lú lẹ́tà idẹ tí gíga rẹ̀ tó ọmọ ọdún mẹ́ta: ÌWÉ ÒGÚNMỌ́DẸDÉ. Ṣùgbọ́n Ilé Àkójọ kì í gba ìwé tí kò pé. Ojú ìwé ogójì ṣì funfun. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù láyé tó lè fi nǹkan sí i ni Màmá Fátóún, tó kọ̀ láti wá sí ìpàdé àwọn ayàwòrán àti òǹkàwé fún ogún ọdún gbáko, tó wá jáde lónìí nítorí pé ó pé ọgọ́rin ọdún.

Agogo méjìlá ọ̀sán ni wọ́n máa di ọwọ́ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n máa fi dì í ti wà lórí tábìlì, fàdákà ni, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja. Ní ọgọ́rin ọdún, ọwọ́ a máa gbọ̀n, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àwòrán kì í sì í lè dá ọwọ́ tó ń gbọ̀n mọ̀ yàtọ̀ sí ọwọ́ ayédèrú. Nítorí náà, òfin ní kí ọwọ́ lọ sinmi, bó fẹ́ bó kọ̀. Agogo ara ògiri ń sọ pé mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún.

Onírùngbọ̀n dìde pẹ̀lú ẹṣin rẹ̀, omijé ayọ̀ ń bọ́ sí irùngbọ̀n. Òkúta keje mì díẹ̀, ó sún síwájú, ó gbé Láyíwọlá dé ìdí tábìlì.

Ó tẹríba. Ìdọ̀bálẹ̀ ìbá ba agbádá jẹ́.

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ ìbí o. Ẹ̀mí yín á gùn."

"Àmín o. O ṣeun, ọmọ mi." Màmá Fátóún gbójú sókè. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, tàdáwà ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kò lè jáde mọ́. Ó wo ojú Láyíwọlá, ó tún un wò, ó ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Láyíwọlá ti ń tú àrán.

Àṣà wọn ni pé ayàwòrán á kọ́kọ́ ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, á kí àwọn ọwọ́ tó ti kọjá níbẹ̀ ṣáájú òun. Màmá Fátóún kò sá eré. Ó ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kan rọra kan etí ìwé bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Káàsà. Ẹni tó ya èyí máa ń bọ́ jígí ojú rẹ̀ kó tó yàwòrán, kò fẹ́ ká mọ̀ pé ojú òun ti ń ṣe bàìbàì. Wo imú yẹn, ó ṣì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí, ebi ló ń pa á lọ́jọ́ tó ya èyí. Wo bó ṣe fara balẹ̀ ya iṣu. Ṣé o rántí bó ṣe máa ń kọrin tó bá ń yà?"

Láyíwọlá ò rántí orin kankan. Ohun tó rántí ni ọjọ́, irú pépà, àti iye wákàtí tó fi tò. Ó wo agogo. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ lórí òkú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ń lọ."

"Ọjọ́ ti lọ tipẹ́, ọmọ mi." Ó ṣí ojú ìwé ogójì, ó tẹ́ ẹ, ó gbé pẹ́ẹ̀nì. "Ṣé ó dúró ni, àbí ó ń sáré?"

"Ó dúró. Ojú rẹ̀ síwájú. Kó má gun nǹkan kan."

"Orúkọ wo ni ká kọ?"

"Láyíwọlá Ògúnmọ́dẹdé. Ẹ fi Olóyè síwájú rẹ̀." Ó rò ó wò. "Ẹ jẹ́ kí Olóyè tóbi díẹ̀."

Nígbà náà ni Ẹlẹ́rìí la ojú. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, ó rí bí igbá dígí tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ojú kan ṣoṣo ló ní. Kò sí àwòrán tó lè kúrò lórí tábìlì náà láìjẹ́ pé ojú yẹn wo ọwọ́ tó yà á àti ẹni tó gbà á. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ oríṣiríṣi ìkíni, bí akọ̀wé tí wọ́n gbé síwájú ọ́fíìsì láti máa lé ènìyàn lọ.

"Ẹ kú ìdúró, Olóyè. Ẹ dákun, ẹ wo ojú mi." Láyíwọlá wò ó, ó sì gbé àgbọ̀n sókè, kó lè rí i dáadáa. "A dúpẹ́ o. Ẹ ti gba tiyín."

"Tèmi wo?"

"Àwòrán yín láti ọwọ́ Màmá Fátóún. Ọdún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn ni ẹ gbà á. Ẹnì kan, ọwọ́ kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òfin wí. Ẹ ṣeun tí ẹ wá, òkúta yín yóò gbé yín jáde."

Òkúta keje bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn. Láyíwọlá fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. Òkúta ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, òun ń fa ara rẹ̀ bọ̀, ó na tàn-àn bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

"Irọ́ ni! Irọ́ gbuu! N ò rí obìnrin yìí sójú rí láyé mi!"

"Bí ẹ bá takò ó, Olóyè, òkúta á dúró."

"Mo takò ó! Mo takò ó lónìí, mo takò ó lọ́la!"

Òkúta dúró. Ó ti pọ́n báyìí bí irin tó ń ti inú ẹwìrì bọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń fà sẹ́yìn lórí tiwọn, bí ẹni pé ó lè ta sí wọn lára.

"Ta ló kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?" ni Láyíwọlá bú jáde. "Ọ̀lẹ akọ̀wé wo ni? Ẹ pè é jáde kó wá wí i lójú mi!"

"Èmi ni," ni Màmá Fátóún wí. Kò gbé ohùn sókè. "Nígbà tí òfin dé, wọ́n ní kí oníkálùkù wa mú ìwé ìrántí rẹ̀ wá, ká fi orúkọ gbogbo ẹni tí a ti fún ní nǹkan hàn. Tèmi pé. N ò fi ẹnì kankan sílẹ̀."

"Màmá, ogbó ló ń dà yín láàmú!"

"Háà!" Igba ènìyàn ló sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Alájà Ṣìkírátù gbé àgbàdo sílẹ̀.

"Olóyè, ṣé ẹni tó tó bí yín lọ́mọ ni ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Lọ́jọ́ ìbí wọn?"

"Alájà, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín."

"Ó kàn mí o. Èmi ni òkúta kẹjọ. Ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń pariwo yìí, tèmi ni ẹ̀ ń jẹ. Àti pé, ẹ gbọ́ ná, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé ẹ ti mọ Màmá kí ayé tó mọ̀ wọ́n?"

"Iṣẹ́ wọn ni mo mọ̀! N ò mọ àwọn fúnra wọn!"

Ẹ̀rín mú ìlà láti òkúta kẹjọ, ó sì ń lọ sẹ́yìn láti òkúta dé òkúta, títí ó fi jáde lẹ́nu ọ̀nà bọ́ sórí Odò Ògùn. Láyíwọlá gbọ́ ọ títí tó fi jáde. Ó yíjú sí Ẹlẹ́rìí, ó fi ìka gún un lójú dígí.

"Ìwọ agolo yìí, fi hàn mí! Àwòrán wo ni mo gbà? Tanímọ̀la ni? Níbo ló wà?"

"Ẹ̀rí kì í jáde ṣáájú ìbúra, Olóyè. Bí ẹ̀rí bá kọ́kọ́ jáde, kálukú á gé ìbúra tirẹ̀ bá a mu bí aránṣọ. Bó bá wù yín, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi, kí ẹ sì búra pé ọwọ́ Màmá kò fa ohunkóhun fún yín rí. Tábìlì á tì kí a tó wo ẹ̀rí, kò sì ní ṣí fún ẹlòmíràn mọ́ lónìí. Bí ẹ bá jàre, ìwé ìrántí Màmá ti di irọ́ nìyẹn. Èdìdì tó fi hàn pé ojúlówó ni á kúrò lára gbogbo ohun tó ti yà fún ènìyàn láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì ní kó ya tiyín fún yín kí agogo méjìlá tó lù."

Onírùngbọ̀n, tí kò tíì jáde tán, gbá ẹṣin rẹ̀ mọ́ àyà.

"Bí ẹ bá jẹ̀bi," ni Ẹlẹ́rìí ń bá a lọ, "a ó gba ìwé yín, a ó gbé e lọ sí Ilé Àkójọ."

"Ibẹ̀ náà ló kúkú ń lọ!"

"Láìsí orúkọ yín lára rẹ̀, Olóyè."

Agogo wà ní mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Má búra, ọmọ mi," ni Màmá Fátóún wí. "Mo bẹ̀ ọ́. Máa lọ sílé."

Bó bá jẹ́ pé ó kígbe mọ́ ọn ni, bóyá Láyíwọlá ìbá rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni, etí agbéraga kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ní ẹ̀bẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà yín! Ẹ wò ó, gbogbo ayé ẹ wò ó, ẹ̀rù ń bà wọ́n!"

"Ẹ̀rù kọ́," ni Alájà Ṣìkírátù wí. "Ojú ló ń tì wọ́n nítorí yín. Olóyè, ẹ gbọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí má baà pa gbogbo wa lọ́jọ́. Ẹ gba tèmi."

"Kí ni?"

"Àwòrán tèmi. Ẹ jẹ́ kí Màmá yà á sínú ìwé yín, sójú ìwé ogójì yẹn, ojú rẹ̀ síwájú, kò ní gun ẹṣin. Èmi ni mo máa wo ojú agolo. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ìwé yín, ẹ máa lọ. Ìwé àtijọ́ Tanímọ̀la wà nílé mi, mo fi ń kàwé fún àwọn aláìsàn ní wọ́ọ̀dù títí tí etí ìwé fi jẹ tán. Mo ti há a sórí. Kí n rí ọwọ́ tó yà á ni mo bá wá, mo sì ti rí i. Ẹsẹ̀ mi ló ń dùn mí, àwọn tó wà lẹ́yìn mi náà sì wá nítorí nǹkan kan."

"Òfin gbà bẹ́ẹ̀," ni Ẹlẹ́rìí wí. "'Fún Ṣìkírátù' ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀."

Òkúta keje rọ̀ díẹ̀. Ó ti pupa bọ́ sí àwọ̀ ọsàn. Láyíwọlá ń rò ó. Ẹ má fojú kéré wò ó, ó rò ó dáadáa. Ìwé á pé. Ògiri á wà níbẹ̀, lẹ́tà idẹ á wà níbẹ̀. Ohun tó fi ìgbà èwe rẹ̀ lépa, tó tìtorí rẹ̀ pàdánù ìsìnkú bàbá rẹ̀ nítorí pé ọjọ́ ìpàdé ni, tó tìtorí rẹ̀ kọ ìyàwó tó ní kó yan òun tàbí ìwé, á wá sópin lónìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Kò ní ju kó sọ pé "ẹ ṣeun" lọ.

Ṣùgbọ́n ó rí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ wọn máa kó wá síwájú ògiri náà. Ojú ìwé mọ́kàndínlógójì kò ní orúkọ ẹnì kankan lábẹ́, nítorí pé òfin kò tíì dé nígbà tí wọ́n yà wọ́n. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló máa ní orúkọ, orúkọ náà á sì jẹ́ ti nọ́ọ̀sì tó ń jẹ àgbàdo. Ọmọ kan á nawọ́. Tíṣà, ta ni Ṣìkírátù? Tíṣà á wo idẹ, á wo ojú ìwé, á ní ó jọ pé òun ló ni ìwé, bóyá Ògúnmọ́dẹdé ló bá a gbé e wá.

Òkúta abẹ́ ẹsẹ̀ Láyíwọlá tún pọ́n. Kò yẹ kí òun máa bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ òun! Ó tú orí ara rẹ̀ wò bí ẹni ń tú àpótí: ìpàdé Ìbàdàn, ìpàdé Ìjẹ̀bú, ti Èkó tí òjò ba tábìlì jẹ́, gbogbo àwòrán tó ti gbà, èyí tó fẹ́ gbà tí wọn ò fún un, ó rí gbogbo wọn kedere. Ti Fátóún kò sí níbẹ̀. Láyíwọlá kì í sì í gbàgbé àwòrán. Ènìyàn ló máa ń gbàgbé.

"Rárá," ni ó wí. "Ẹ mú àwòrán yín, Alájà. Ìwé Ògúnmọ́dẹdé kì í ṣe páálí ìkọ̀wé ọsibítù."

Alájà wò ó. Kò bú u. Ó kàn mi orí bí ẹni tó ti rí irú àìsàn yìí rí, tó sì mọ ibi tó máa ń já sí.

Láyíwọlá ká ọwọ́ agbádá sí èjìká, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé Ẹlẹ́rìí lórí. Dígí náà tutù. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo gbọ̀ngàn, ó fẹ́ kó gbà á: "Èmi Olóyè Láyíwọlá Ògúnmọ́dẹdé búra pé ọwọ́ obìnrin yìí kò fa ohunkóhun fún mi rí! Kì í ṣe àwòrán, kì í ṣe ìlà, kì í ṣe tíńtín! Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí wọ́n pa orúkọ mi rẹ́!"

"A gbọ́," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ẹ ṣeun, Olóyè."

Ìdérí dígí kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó bo pépà, ó bo pẹ́ẹ̀nì, ó bo ìwé àrán pupa mọ́lẹ̀. Ọwọ́ Màmá Fátóún nìkan ló kù síta, ìka mẹ́ta ṣì ká bí ẹni mú nǹkan dání. Lẹ́yìn Láyíwọlá, àwọn òkúta ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìkẹjọ, ìkẹsàn-án, ìkẹwàá. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹlòmíràn bú Láyíwọlá pẹ̀lú bàbá tó bí i. Alájà Ṣìkírátù dìde, ó gbé àpótí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì bọ́ sílẹ̀ kúrò lórí òkúta.

"Ó ti parí," ni ó sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ẹ dúró kí ẹ rí i!" ni Láyíwọlá pariwo. "Ẹ dúró kí ẹ rí òótọ́! Agolo, gbé ẹ̀rí rẹ jáde!"

Àwọn àwòrán ẹ̀rọ tó ń fò lórí ògiri parẹ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ló hàn níbẹ̀, ó ti pọ́n ní etí. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ni, fáànù méjì lókè, àga oníke. Tábìlì kan wà nítòsí ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò tò sí. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí.

"Nígbà náà ni Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Gbogbo ẹni tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń yà ní fọ́tò, nítorí pé wọn ò pọ̀."

Níwájú tábìlì ni ọ̀dọ́kùnrin kan dúró sí, pépà kan lọ́wọ́ rẹ̀. Imú rẹ̀ ni imú Láyíwọlá, etí rẹ̀ ni etí Láyíwọlá, bó ṣe gbé àgbọ̀n sókè náà ni. Ìwé kan wà lábíyá rẹ̀ tí kò tíì ní àrán. Kò wo obìnrin náà, kò sì wo pépà. Ojú rẹ̀ ti lọ sí ọ̀ọ́kán. Pépà náà hàn gbangba: ìlà méjì tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, igun mẹ́rin kan, ọfà kan, orúkọ Fátóún ní ìsàlẹ̀.

Ẹlẹ́rìí ka ohun tí Màmá kọ sínú ìwé ìrántí lọ́jọ́ náà. Ó kà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bó ṣe ń ka ohun gbogbo.

"'Ẹni kẹta lónìí. Láyíwọlá lorúkọ rẹ̀. Ó ní, Sìstá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni àwọn ayàwòrán gidi wà? Mo ya ọ̀nà ibẹ̀ fún un.'"